Ta Ló Gbé Ohùn Ìyá Agbamu?

Nígbà tí wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́rú, gbogbo ohun tí olè máa ń gbé ló wà níbẹ̀. Laptọ́ọ̀pù méjì wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tan àwòrán sára ògiri wà níbẹ̀, tuntun, wọn ò tíì bọ́ ọ̀rá ara rẹ̀. Pírójẹ́ẹ̀tì Mọ́láyọ̀ Ọdẹ́wálé náà wà níbẹ̀, ojú ewé méjìlélọ́gọ́rin, bó ṣe tò ó sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ àná. Rẹ̀kọ́dà kékeré tó gbé lé e lórí nìkan ni kò sí mọ́.

Mọ́láyọ̀ ò pariwo. Ó jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọ́fíìsì ẹ̀ka èdè, ó gbá orúnkún mọ́ àyà. Mary, akọ̀wé ẹ̀ka, ló sáré tẹ Alhaja Asisat láago.

Gbogbo ọgbà Yunifásítì Ìrèpọ̀, lójú ọ̀nà Òmù-Àrán sí Èsìẹ́, ló mọ Alhaja Asisat. Ọmọ Àjàṣẹ́-Ìpo ni. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe ọlọ́pàá kó tó fẹ̀yìn tì, kí wọ́n tó wá bẹ̀ ẹ́ pé kó máa ṣe olórí ààbò ọgbà. Obìnrin kúkúrú ni, ìrìn rẹ̀ ò yá, ṣùgbọ́n ohun tí ojú rẹ̀ bá bà lé kì í bọ́ lọ.

Nígbà tó dé, kò kọ́kọ́ wo kọ́bọ́ọ̀dù. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan èjìká ọmọ náà.

"Ìwọ lo ni ín?"

"Èmi ni, mà."

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Ohùn ìyá àgbà kan ni, mà. Ìyá Ògúnlẹ́yẹ, ní Agbamu. Iṣẹ́ mi dá lórí bí àwọn àgbà Ìgbómìnà ṣe ń pe ọmọ ní orúkọ ìkẹ́. Oṣù méje ni mo fi ń lọ sọ́dọ̀ wọn."

"O ò ní ẹ̀dà?"

"Orí laptọ́ọ̀pù mi ló wà, ó sì ti kú láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ẹni tí mo gbé e fún ní Òmù-Àrán ní kò lè jí mọ́."

"Dìfẹ́ǹsì rẹ ńkọ́?"

"Ọ̀la ni, mà. Aago mẹ́wàá." Ó na ọwọ́ sí pírójẹ́ẹ̀tì náà. "Olùdánwò tó ń bọ̀ láti ìta ní òun gbọ́dọ̀ fi etí ara òun gbọ́ ìyá náà. Bí ò bá sí i, ó di ọdún tó ń bọ̀. Màmá mi ti ta iṣu sílẹ̀ de ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde mi, mà."

Alhaja dìde, ó yẹ àgádágodo wò. Wọn ò já a. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ṣí i, wọ́n sì tún tì í padà.

"Kọ́kọ́rọ́ mélòó ló wà?"

"Mẹ́ta," ni Mary fèsì. "Ọ̀kan wà lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀ka, wọ́n sì ti wà n'Ílọrin láti ọjọ́ Ajé. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi. Ìkẹta nìyẹn lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

"Ẹni tó bá ṣáà ti wọlé lè mú un nìyẹn. Ta ló wọlé síbí lẹ́yìn tí Mọ́láyọ̀ lọ?"

Mary ronú. "Success wá, ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá. Ebenezer tí wọ́n jọ ń kàwé náà wá, ó ní kí n bá òun lu òǹtẹ̀ sí ìwé kílíáráǹsì."

"Ẹlòmíràn?"

"Kò sí ẹlòmíràn, mà."

Alhaja gbé pírójẹ́ẹ̀tì náà sábẹ́ apá. "Mo yá èyí," ló wí. Ó sì jáde sínú ọyẹ́.

*

Ọgbà ti ń dà bí ọjà tó ń tú. Ìdánwò ti parí láti ọjọ́ Ẹtì. Fóòmù tí wọ́n ká, bọ́kẹ́ẹ̀tì àti báàgì Ganá-mọ́s-gò kún gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ họ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn obìnrin. Àwọn kan ń dì mọ́ra wọn, wọ́n ń sunkún, àwọn mìíràn ń jà sórí ta ló ni síítófù.

Success ń di ẹrù nígbà tí Alhaja kan ilẹ̀kùn yàrá wọn. Bó ṣe rí i, ó fò jókòó lé orí fóòmù.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Kí lo lọ ṣe ní ẹ̀ka èdè lánàá?"

"Mo... mo lọ wo Mọ́láyọ̀ ni, mà."

"Mọ́láyọ̀ ti padà sí yàrá yìí nígbà náà. Mary ní o bi òun bóyá ó ti lọ kí o tó wọlé. Ẹni tó ń wá èèyàn kì í kọ́kọ́ rí i dájú pé onítọ̀hún ò sí nílé."

Success fi ọwọ́ méjèèjì tẹ fóòmù mọ́lẹ̀.

"Dìde lórí fóòmù yẹn."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má jẹ́ kó mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó dìde. Ẹ̀wù funfun kan ló wà lábẹ́ fóòmù, irú èyí tí àwọn ọmọ ọdún àṣekágbá máa ń wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá parí. Ọ̀rọ̀ kún ara rẹ̀ láti ọrùn dé ìṣẹ́tí, pẹ̀lú oríṣiríṣi ìkọ̀wé: àdúrà, ẹ̀fẹ̀, ìdágbére. Àwọn olùkọ́ mẹ́rin ti fọwọ́ sí i.

"Ìgbà tí wọ́n ń kọ ti ara wọn, ilé ìwòsàn ni Mọ́láyọ̀ wà," ni Success wí, omi ti dé ojú rẹ̀. "Ibà ló dá a dúbúlẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ nǹkan kan fún un. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbé e kiri. Lẹ́yìn dìfẹ́ǹsì ni mo fẹ́ fún un."

Alhaja ka ẹ̀wù náà títí. Lápá òsì, ẹnìkan kọ ọ́ ní kékeré pé: *Má bínú mọ́. Ebenezer.*

"Ká a dáadáa," ni Alhaja sọ, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Má jẹ́ kó rún."

*

Kò wá Ebenezer lọ lójú ẹsẹ̀. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi ẹ̀mí, igi òrí, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìkàwé, ó ki awò bọjú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka pírójẹ́ẹ̀tì náà láti ojú ewé kìíní. Ìwà rẹ̀ nìyẹn. Ó gbà pé kí a tó béèrè ẹni tó gbé nǹkan, ó yẹ kí a mọ nǹkan tí wọ́n gbé.

Nígbà tó dé ojú ewé kọkànlélọ́gọ́ta, ó dúró. Ọ̀rọ̀ ìyá Agbamu ló wà níbẹ̀, bí Mọ́láyọ̀ ṣe dà á kọ:

*Ọmọ mi kò jìnnà. Ọkọ̀ kan péré ni. Ìbínú ló sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe èmi. Níbo ni ........ wà? Ẹ bá mi sọ fún un pé ẹ̀yìn ìyá ẹ̀ ti tutù.*

Lórí àmì tótòtó wọ̀nyẹn, ẹnìkan ti fi pẹ́ńsù kọ̀wé, ó sì rọra kọ ọ́ bí ẹni tí kò fẹ́ ba ìwé jẹ́: *Amẹyingbona. Orukọ enia li eyi.*

Alhaja bọ́ awò, ó nù ún, ó tún dá a padà sójú. Ó ránṣẹ́ pe Mọ́láyọ̀.

"Ìwọ lo kọ èyí?"

Mọ́láyọ̀ wò ó, ẹnu yà á. "Rárá, mà. Mo fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀ ni. Àkùkọ kọ níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, ohùn wọn sì lọ sílẹ̀. Mo tẹ́tí sí i tó ìgbà ogún, mi ò gbọ́ ọ. Nígbà tí mo padà lọ bi wọ́n, wọ́n ní àwọn ò ní tún un sọ."

"Ìgbà wo lo rí àyè náà lófìfo gbẹ̀yìn?"

"Àná, kí n tó tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Mo tún ka gbogbo ojú ewé."

"Ẹni tó gbé rẹ̀kọ́dà rẹ ló kọ ọ́ nìyẹn," ni Alhaja wí. "Olè tó gbé ohun tìrẹ, tó tún bá ọ parí iṣẹ́. Mi ò rí irú rẹ̀ rí."

*

Ẹnu ọ̀nà ọgbà ni wọ́n ti bá Ebenezer, ó ń ti fóòmù rẹ̀ sẹ́yìn bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Ganmo. Nígbà tó rí Mọ́láyọ̀ lẹ́yìn Alhaja, ojú rẹ̀ yí padà.

"Mo ti gbọ́," ló wí. "Wọ́n ti ń sọ pé èmi ni."

"Mo gbọ́ lẹ́nu Mọ́láyọ̀ pé o bẹ̀ ẹ́ kó yá ọ ní rẹ̀kọ́dà rí," ni Alhaja wí.

"Oṣù karùn-ún nìyẹn, mà. Ó ní rárá, mo sì sọ ọ̀rọ̀ tí kò dára sí i. A ò bára wa sọ̀rọ̀ látìgbà náà. Ẹ tú báàgì mi."

Alhaja ò tú báàgì. Ó na ojú ewé náà sí i. "Bá mi ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ yìí."

Ebenezer, tó jẹ́ ọmọ ìlú Share, tẹjú mọ́ ọn. "Amẹ... àmì ohùn ò sí níbẹ̀, mà. 'A-mẹ́-yìn-gbóná'? Ṣé ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn ni?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ta ló tiẹ̀ kọ 'enia'? Ta ló ń kọ 'li'? Bí ọmọ ẹ̀ka wa bá kọ ọ́ báyìí nínú ìdánwò, òdo ló máa gbà."

Alhaja gba ìwé náà padà.

"O ṣeun, ọmọ mi. O ti bá mi mú un."

Ebenezer ò mọ ohun tí òun ṣe. Ó yíjú sí Mọ́láyọ̀. "Bí o bá fẹ́, mi ò ní bá bọ́ọ̀sì yìí lọ. Màá dúró títí o fi máa parí lọ́la."

Mọ́láyọ̀ bá a di fóòmù náà mú, wọ́n sì jọ sọ ọ́ kalẹ̀.

*

"Gbọ́ mi," ni Alhaja wí bí òun àti Mọ́láyọ̀ ti ń padà lọ sí ẹ̀ka èdè. "Mùsùlùmí ni mí, ṣùgbọ́n ilé ìwé ìjọ ni bàbá mi fi mí sí ní Àjàṣẹ́. Àràárọ̀ ni tíṣà ń ka Bíbélì Yorùbá sí wa létí, lẹ́yìn náà ó máa ní kí a kọ ọ́. 'Enia.' 'Li.' Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kọ ọ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Àgbàlagbà ló kọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tó ti inú Bíbélì àtijọ́ kọ́ ìwé kíkà. Ó yé ọ?"

"Ó yé mi, mà."

"Ìkejì: ọ̀rọ̀ tí ìwọ tẹ́tí sí nígbà ogún tí o kò gbọ́, ó gbọ́ ọ. Àkùkọ ò dí i lọ́wọ́. Báwo ni èèyàn ṣe ń gbọ́ ohun tí a ò gbọ́?"

Mọ́láyọ̀ rọra fèsì. "Bó bá ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀."

"Ìwọ lo ń kọ́ ẹ̀kọ́ orúkọ ìkẹ́. Ta ló máa ń mọ orúkọ ìkẹ́ tí ìyá kò sọ síta?"

Ọmọbìnrin náà dúró sójú kan. "Ìyá fúnra rẹ̀. Àti ọmọ."

"Níbo lo ti lo rẹ̀kọ́dà náà gbẹ̀yìn?"

"Nínú ọ́fíìsì ẹ̀ka, mà, lánàá, nígbà tí mò ń fi ohùn wé ìwé. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mary ti lọ jẹun."

"Kò sí ẹnikẹ́ni rárá?"

"Kò sí, mà. Àfi Bàbá Olúlẹ́yẹ tó ń..." Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Wọ́n ń nu fèrèsé. Bọ́kẹ́ẹ̀tì já bọ́ lọ́wọ́ wọn, omi dà sílẹ̀. Wọ́n ní kí n má bínú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. Wọ́n pẹ́ nílẹ̀ níbẹ̀, mà. Mo rò pé eegun ló ń dùn wọ́n."

Ọ̀gbẹ́ni Jóṣúà Olúlẹ́yẹ ti ń tọ́jú ẹ̀ka náà fún ọdún mẹ́rìnlá. Òun ló ń ṣí i láàárọ̀, òun ló ń tì í nírọ̀lẹ́. Ojú gbogbo èèyàn ti mọ́ ọn débi pé bí Mary bá ní kò sí ẹni tó wọlé, kò parọ́. Kò kà á mọ́ àwọn tó ń wọlé ni.

"Olúlẹ́yẹ," ni Alhaja wí, bí ẹni ń tọ́ ọ̀rọ̀ náà wò. "Ìyá Agbamu, Ògúnlẹ́yẹ. Onígbàgbọ́ mélòó ni mo mọ̀ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà yìí tó ti yọ Ògún kúrò lórí orúkọ, tó fi Olú rọ́pò rẹ̀."

*

Yàrá ìkẹ́rùsí ni wọ́n ti bá a ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ó ń to àga. Ọkùnrin gíga tí ewú ti gba orí rẹ̀ ni, aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Alhaja ní kí Mọ́láyọ̀ dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, Alhaja."

"Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́. Ìbéèrè kan péré ni mo bá wá." Òun náà fa àga kan, ó jókòó sí iwájú rẹ̀. "Nígbà tí ẹ wà ní kékeré, kí ni ìyá yín ń pè yín?"

Bàbá Olúlẹ́yẹ ki ọwọ́ bọ inú àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀, ó mú áńkáṣíìfù jáde, ó tú u. Rẹ̀kọ́dà náà ló wà nínú rẹ̀.

"Inú ọyẹ́ ni wọ́n bí mi," ló wí. "Wọ́n ní òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyá mi lóko, ara èmi tí wọ́n pọ̀n ló ń mú ẹ̀yìn wọn gbóná. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ orúkọ yẹn, Alhaja. Bàbá mi pàápàá kì í pè é."

"Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín yín?"

"Bàbá mi kú. Èmi ni àkọ́bí. Wọ́n ní kí n wọ igbó pẹ̀lú àwọn àgbà ilé láti ṣe ètò tí wọ́n ń ṣe fún òkú ọdẹ. Mo ti di díákónì nígbà náà. Mo ní mi ò ṣe. Mo tún lọ yí orúkọ padà. Ìyá mi ní kí òun má rí ẹsẹ̀ mi nínú ilé yẹn mọ́." Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, kò lè rín in. "Ọdún mọ́kàndínlógún nìyẹn. Mo ń fi owó ránṣẹ́ sí wọn, wọn kì í gbà á. Mo rò pé ìkórìíra ni. Àfi ìgbà tí mo gbọ́ ohùn wọn lánàá, tí mò ń nu fèrèsé. 'Ìbínú ló sọ̀rọ̀.' Alhaja, ibẹ̀ ni bọ́kẹ́ẹ̀tì ti já bọ́ lọ́wọ́ mi."

"Ẹ wá gbé e."

"Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i ni. Mo fẹ́ dá a padà láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mo gbọ́ ọ títí iná rẹ̀ fi kú. Mo fi sí ṣájà, oorun sì gbé mi lọ. Nígbà tí mo dé, Mary ti bá mi ṣílẹ̀kùn, ẹ ti wà nínú ọ́fíìsì. Ojú tì mí. Ẹ̀rù sì bà mí: ọdún méjì ló kù kí n gba owó ìfẹ̀yìntì."

"Kí ló dé tí ẹ fi kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé ọmọ náà?"

"Kò yẹ kí orúkọ yẹn ṣófo," ni Bàbá Olúlẹ́yẹ wí. "Ọmọ náà ti ṣiṣẹ́ tó."

Alhaja mí kanlẹ̀. "Bàbá, ohun tí a gbé láìgbàṣẹ, olè la jà. Mi ò lè pè é ní orúkọ mìíràn nítorí pé ó dùn mí. Ọmọ náà ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láti àárọ̀, ó rò pé ọdún kan ti ṣòfò lára òun. Òun lẹ máa bẹ̀, kì í ṣe èmi. Ohun tó bá sì sọ ni màá kọ sínú ìwé mi."

Ó ṣí ilẹ̀kùn. Mọ́láyọ̀ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

Àgbàlagbà náà dìde, ó sì fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Mọ́láyọ̀ pariwo, ó sáré di apá rẹ̀ mú. "Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi."

"Mo ṣẹ̀ ọ́, ọmọ mi. Dárí jì mí."

"Mo bínú, sà," ni Mọ́láyọ̀ wí láàárín ẹkún. "Inú bí mi gan-an. Ẹ̀ bá ti béèrè lọ́wọ́ mi. Ǹ bá jẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ títí ilẹ̀ á fi ṣú." Ó gba rẹ̀kọ́dà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, gbogbo rẹ̀ pé. Ó nu imú. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n lé yín. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ẹtì mò ń lọ dágbére fún ìyá ní Agbamu. Ẹ máa bá mi lọ. Nǹkan tí mo máa gbà nìyẹn."

Bàbá Olúlẹ́yẹ wo Alhaja bíi pé kó gba òun.

"Mo ní mọ́tò," ni Alhaja wí. "Èmi ni màá wà á."

Inú ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìlà kan péré ló kọ: *Wọ́n ti rí i. Ẹni tó ni ín ti gbà á.*

*

Dìfẹ́ǹsì náà gba wákàtí kan àti díẹ̀. Olùdánwò láti ìta gbọ́ ohùn ìyá náà, ó sì ní kí wọ́n tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó bi Mọ́láyọ̀ nípa ọ̀rọ̀ pẹ́ńsù ojú ewé kọkànlélọ́gọ́ta, Mọ́láyọ̀ ní, "Ọmọ tó ni orúkọ náà ló bá mi kọ ọ́, sà." Ọkùnrin náà kò bi í ní nǹkan mìíràn mọ́, ó fọwọ́ sí i pé ó yege.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọ̀nà Agbamu pọ́n fún eruku. Nígbà tí wọ́n ya sí ọ̀nà oko, Bàbá Olúlẹ́yẹ ní kí Alhaja dúró. Wọ́n dúró. Ó sọ̀kalẹ̀, ó fẹ̀yìn ti mọ́tò fún ìgbà díẹ̀, ó tún wọlé padà. "Ẹ máa lọ," ló wí.

Ìyá Ògúnlẹ́yẹ jókòó síwájú ilé, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí sínú igbá. Ó kọ́kọ́ rí Mọ́láyọ̀, ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó rí ẹni tó tẹ̀lé e. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ọkùnrin ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. Ewúrẹ́ kan kọjá láàárín wọn.

"O ti gbó," ni ìyá wí níkẹyìn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ta ló ń fọṣọ fún ọ?"

"Èmi fúnra mi ni, Ìyá."

Ìyá náà mi orí. Ó gbé igbá ẹ̀gúsí fún Mọ́láyọ̀, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó sì dìde díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀, ó na ọwọ́, ó gbọn eruku kúrò ní èjìká rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó gbọ̀n ọ́n, bẹ́ẹ̀ eruku ti tán níbẹ̀.

"Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ti yẹ̀ láti ìdunta," ló wí. "Àwọn ọmọ ilé ní àwọn máa tún un ṣe. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Mo ní ẹni tó kàn án ń bọ̀."

Bàbá Olúlẹ́yẹ bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi kọ́ ọwọ̀n. "Níbo ni òòlù wà, Ìyá?"

"Ibi tí bàbá rẹ máa ń fi í sí."

Ó wọlé lọ láìbi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀nà. Alhaja jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Mọ́láyọ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó bu ẹ̀gúsí sí ọwọ́, wọ́n sì jọ ń ṣẹ́ ẹ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbọ́ ìró òòlù láti ẹ̀yìnkùlé, àti ohùn ìyá tó ń bá a wí pé ìṣó náà ò tọ́.